Láti Ojú Ọ̀sà dé Ìkẹjà: Ìtàn "Atukọ̀" àti "Awakọ̀"

Ìfáàrà

Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí kò ju máàkì méjì lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ń kọ́ni ní agbègbè Agége, mo ṣe ìdánwò ìparí sáà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nínú ìbéèrè kan, mo ní kí wọ́n sọ orúkọ tí à ń pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwa ọkọ̀ lójú omi. Ìdáhùn tí mo ti kọ sílẹ̀ fún ara mi ni "atukọ̀". Ọmọkùnrin kan kọ "awakọ̀ ojú omi". Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i, mo fún un ní òdo. Máàkì méjì yẹn ni kò jẹ́ kí ó yege.

Nígbà tí mo dá ìwé wọn padà, ọmọ náà tọ̀ mí wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ 'wíwa ọkọ̀' sínú ìbéèrè. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ń pè wọ́n. Kí ló dé tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú omi kò lè jẹ́ awakọ̀?" Mo ní kí ó lọ jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò jókòó. Mo gbé e dé ilé, mo sì rí i pé n kò ní èsì kankan tí mo lè fún un ju pé "bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn".

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí a wo ibi tí wọ́n ti wá àti bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé "awakọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú títì tí ọmọ kan ṣèèṣì gbé lọ sójú omi. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ojú omi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa ará Ìkẹjà àti Agége ni a yá a lò.

Ọkọ̀ ṣáájú mọ́tò

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sójú pátákó rí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. A máa ń fi wọ́n kọ́ ọmọ pé ohùn a máa yí ìtumọ̀ padà. Bí a bá dé orí ẹ̀kẹta, mọ́tò ni a sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìtumọ̀ àkọ́kọ́.

Kí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, Yorùbá ti ní ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí wọ́n ń gbé sórí omi, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wà nínú Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lábẹ́ àbójútó Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ohun tí Nóà kàn ni wọ́n pè ní ọkọ̀. Ohun tí Jónà wọ̀ ni wọ́n pè ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹṣin Fáráò ń fà lórí ilẹ̀, tí ó ní àgbá tí ń yí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pè é. Ní ọdún yẹn, ohun tí ń yí lórí ilẹ̀ kò tíì jẹ́ ọkọ̀. Ti omi nìkan ni ọkọ̀.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí ọkọ̀ ká. Bí a bá sọ pé ìdákọ̀ró, kò sí ẹni tí yóò ronú kan mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí "omi" nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ tí a ń dá ró nínú rẹ̀, ti omi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ dárúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn, ó di dandan kí a fi àlàyé kún un: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ òfurufú. Àlejò ni a máa ń bi pé ta ni ọ́. Onílé kò nílò kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Lónìí, nǹkan ti yí padà. Ní Ìkẹjà, bí a bá ní "ọkọ̀" lásán, mọ́tò ni. Ọkọ̀ ti omi ni ó wá di ẹni tí ń ṣàlàyé ara rẹ̀, tí a ń pè ní "ọkọ̀ ojú omi". Àlejò ti di onílé.

"Wà" àti "tù"

Ìhun àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu: a + wà + ọkọ̀ fún wa ní awakọ̀, a + tù + ọkọ̀ fún wa ní atukọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni wà àti tù. Bí wọ́n bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn wọn a di ti àárín, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀.

Kí ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń ṣe? "Wà" ni kí a fi àjẹ̀ sínú omi kí a sì máa fà á sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Yorùbá tún máa ń wa ilẹ̀, wọ́n máa ń wa kòtò, wọ́n sì máa ń wa iṣu. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí àjẹ̀ bí ó ṣe ń walẹ̀ nínú omi yóò gbà pé ìfarajọ náà yẹ fún àròjinlẹ̀.

"Tù" pẹ̀lú lè jẹ́ kí a fi àjẹ̀ mú ọkọ̀ lọ, ibi yìí ni òun àti "wà" sì ti jọ ń rìn. Ṣùgbọ́n "tù" tún ní ti dídarí nínú. Atukọ̀ ni ẹni tí ó mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, tí ó mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí iyanrìn wà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé olórí kan ń tukọ̀ ìlú, tí a kì í sì í sábà sọ pé ó ń wakọ̀ ìlú. Ẹni tí ń wakọ̀ lè jẹ́ ẹni tí agbára wà ní apá rẹ̀. Ẹni tí ń tukọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n lórí. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ṣíṣe ìjọba, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí títọ́ ọkọ̀ lójú omi ni ó ti wá.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú ìwé Jónà, àwọn tí ẹ̀rù bà nígbà tí ìjì dé ni wọ́n pè ní atukọ̀. Ẹni tí ó lọ jí Jónà lójú oorun ni wọ́n pè ní olórí ọkọ̀. Wọn kò da iṣẹ́ àti ipò pọ̀. Láti ìgbà náà ni atukọ̀ ti gba ilé-ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwa olùkọ́ sì fi ń rò pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ gidi.

Mo tún rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pe ẹni tí ń rin orí òkun ní "atọ́kùn". Èyí ni kí a kọ̀. Atọ́kùn ni ẹni tí ń darí egúngún, òun náà ni a ń pe ẹni tí ń darí ètò lórí rédíò. Kò kan òkun rárá. Ohùn ni ó tan ọmọ náà jẹ.

Ará omi ní ilẹ̀ Agége

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Ìkẹjà àti Agége nínú ọ̀rọ̀ omi. Ilẹ̀ Àwórì ni ibẹ̀, ìtàn àwọn Àwórì sì sọ pé àwo kan ni Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀lé lórí odò Ògùn títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Wọ́n ní "àwo ti rì" ni ó di Àwórì. Bí a bá gbà á ní ìtàn tàbí ní àlàyé orúkọ, ó fi hàn pé àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kò ka ara wọn sí ará igbó tí kò mọ omi.

Ẹ̀rí kejì kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu. James Pinson Labulo Davies ni a bí ní Sàró ní 1828. Ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama C.M.S. ní Freetown, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí òwò ẹrú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, ó wà nínú ọkọ̀ ogun Bloodhound. Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò ní etíkun, ó sì wá fi Èkó ṣe ibùjókòó ní 1856. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ girama C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, òun ni ó fi àádọ́ta pọ́n-ùn ta wọ́n lọ́rẹ fún ìwé àti ohun èlò. Ní 1862, ní ìlú Brighton, ó gbé Sara Forbes Bonetta níyàwó, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú.

Lẹ́yìn èyí ni ayé yí bìrí. Òwò rẹ̀ dojú dé, ó sì wọ gbèsè. Ní nǹkan bí 1880 ó kó lọ sí oko ní Ijọn, ní ìhà Agége, ó gbin kòkó síbẹ̀. Oko rẹ̀ wà lára àwọn oko kòkó ńlá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ Agége sì tẹ̀lé ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní 1906, ṣùgbọ́n Captain Davies ni orúkọ tí ìtàn fi mọ̀ ọ́n títí di òní. Ó fi òkun sílẹ̀. Oyè òkun kò fi í sílẹ̀.

Mo mú ọ̀gbẹ́ni yìí wá nítorí pé òun ni mo máa ń fi dán ọ̀rọ̀ wò ní kíláàsì mi nísinsìnyí. Kí ni a ó pè é? Bí a bá ń sọ ti iṣẹ́ orí omi lápapọ̀, atukọ̀ ni. Bí a bá ń sọ ti ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ oníṣòwò, ọ̀gá ọkọ̀ ni. Bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó fi ń ṣòwò, ọlọ́kọ̀ ni, ìbáà má fọwọ́ kan àjẹ̀ láéláé. Àwọn mìíràn sì tún wà tí wọn kò tukọ̀, tí wọn kò wakọ̀, tí wọn kì í sì í ṣe èrò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1959, èyí tí ó kógbá sílé ní 1995, ọ̀pọ̀ ọmọ wa rí iṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń se oúnjẹ, àwọn kan ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, àwọn kan ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀. Orí òkun ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tí ń se ọbẹ̀ kò tukọ̀. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n.

Bí ọkọ̀ ṣe gun òkè

Ojú irin ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú omi wá bá wa. Láti Ìddó, ní etí ọ̀sà, ni ọ̀nà réluwéè ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Kí ló dé tí wọn kò pè é ní kẹ̀kẹ́, nígbà tí ó ní àgbá tí ń yí? Èrò tèmi ni pé ohun tí ó ń ṣe ni wọ́n wò, kì í ṣe bí ó ṣe rí. Ó kó èrò púpọ̀ bí ọkọ̀, ó kó ẹrù bí ọkọ̀, ó ní ibi tí ó ti ń gbéra àti ibi tí ó ti ń dúró bí ọkọ̀. Nítorí náà wọ́n fún un ní orúkọ ọkọ̀, wọ́n sì kó gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lé e lórí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó máa ń ṣí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, réluwéè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Títí di òní, ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìdíkọ̀ ní Agége, ohun tí wọn yóò sọ fún un ni pé "ọkọ̀ ti ṣí".

Mọ́tò tẹ̀lé réluwéè. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ni Ìkẹjà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń wọ́ padà ní alẹ́. Mólúè àti dáńfó gba ojú títì. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni dírẹ́bà àti awakọ̀ ti ń rìn pọ̀: dírẹ́bà ni wọ́n ń sọ lójú pópó, awakọ̀ ni ìwé ìròyìn àti rédíò ń lò. Èrò inú mọ́tò jẹ́ èrò inú ọkọ̀ ti àtijọ́.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ohun ìrìnnà ni a ń wà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti alùpùpù, gígùn ni à ń gùn wọ́n, bí ẹni gun ẹṣin. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Maruwa, tí ènìyàn ń jókòó sínú rẹ̀, wíwà ni à ń wà á, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́. Ohun tí a bá là ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹṣin ni ó bí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá jókòó sínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ó bí i. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn ọmọ wa ní òfin yìí, síbẹ̀ wọn kì í ṣì í.

Òkè ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Nígbà tí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà di ńlá, tí a sì ṣí ilé àwọn èrò òkè-òkun tuntun níbẹ̀ ní 1979, ọkọ̀ ti ń fò. Àwọn kan ń pè é ní bàálù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ni ìwé ń lò, awakọ̀ òfurufú sì ni ẹni tí ń wà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí ń wa bàálù, orúkọ ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀ lójú omi ni kí ẹnikẹ́ni tó fò.

Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbádó lọ sí Oyíngbò, ó ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ẹ̀rọ náà yàtọ̀ pátápátá sí ti 1901. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é kò yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti olùdánwò

Látàrí gbogbo èyí, mo dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(a) Kí a fi "awakọ̀ ojú omi" sínú ìdáhùn tí ó tọ̀nà níbikíbi tí ìbéèrè bá ti jẹ mọ́ ẹni tí ń wa ọkọ̀ lórí omi. Atukọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé. Ìyẹn kò sọ èkejì di àṣìṣe.

(b) Bí a bá ń fẹ́ atukọ̀ nìkan, kí ìbéèrè wa sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Kí a béèrè fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí a sì fi ìtọ́ni sí ti dídarí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fi "wíwa ọkọ̀" béèrè, kí ó má bínú sí ẹni tí ó fi "awakọ̀" dáhùn.

(d) Kí a ya atukọ̀, ọ̀gá ọkọ̀, ọlọ́kọ̀, èrò àti òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe alásè inú ọkọ̀ ní atukọ̀ ni ó ṣe àṣìṣe gidi, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa olùdánwò sábà máa ń gbà á fún un.

(e) Nígbà tí a bá ń kọ́ ọkọ̀ lábẹ́ ohùn, kí àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti omi. Kí a sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ tí kò rí ọ̀sà rí ju orí afárá lọ yóò mọ̀ pé ogún àwọn ará omi wà lẹ́nu òun.

Ìgúnlẹ̀

Àwa olùkọ́ pàápàá ń lo ogún yìí láìmọ̀. Lọ́dọọdún ni à ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àròkọ gbọ́dọ̀ ní ìfáàrà, kí ó sì ní ìgúnlẹ̀. Ọkọ̀ ni ó máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ẹni tí ó bá kọ àròkọ parí ti ṣe bí atukọ̀: ó ti mú ọkọ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo pe ọmọkùnrin náà síwájú kíláàsì. Mo gba ìwé rẹ̀, mo fagi lé òdo náà, mo kọ máàkì méjì síbẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé olùkọ́ ni ó ṣì. Ọmọ náà yege. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá àwọn olùkọ́ sọ pé mo ti ba ọlá ara mi jẹ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ awakọ̀ ni ó bi mí ní ìbéèrè tí mo fi mọ ìtàn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi máàkì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ láti ọdún pípẹ́. Kí a tó fa ìlà pupa sí ìdáhùn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀.